Ta Ló Jẹ Dátà Wa? Ìtàn Ráútà Inú Ilé, àti Ìbéèrè Tó Yẹ Ká Bi Ẹni Tó Ń Tà Á

  Lónìí, ìtàn àpótí kékeré kan ni mo fẹ́ sọ, èyí tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n nínú ọ̀pọ̀ ilé, tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú tọ̀sán tòru. Ráútà ni mò ń wí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi mí pé irú èwo ló dára jù láti rà. N kò ní pe orúkọ ọjà kankan pé ẹ lọ rà á, torí ọjà tó dára lónìí lè bàjẹ́ lọ́la. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n sọ bí àpótí yìí ṣe dé inú ilé wa, nítorí inú ìtàn náà ni ìdáhùn wà. Ṣùgbọ́n ká tó dé ìlú òyìnbó, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti pálọ̀ tèmi, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tí ojú ṣì ń tì mí láti sọ.

Ní ọdún 2019, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá gbé lọ́dọ̀ wa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó ń wá iṣẹ́ kiri ní Èkó. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Dátà tí à ń rà lóṣooṣù nígbà náà máa ń gbé wa dé ìparí oṣù, nígbà mìíràn ó máa ń ṣẹ́kù. Kò pẹ́ tí ọmọ náà dé ni dátà bẹ̀rẹ̀ sí í tán ní ọjọ́ kejìlá, ní ọjọ́ kẹwàá. Mo rà á lẹ́ẹ̀kejì, ó tún tán. Mo pè é, mo ní, "Ṣé fíìmù lo máa ń wò lóru ni?" Ó ní, "Rárá, Àǹkú, mi ò wò ó." Mo tún bi í ní ọ̀sẹ̀ kejì, ohun kan náà ló sọ. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, níwájú ìyàwó mi àti àwọn ọmọ, mo sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń bá olè sọ̀rọ̀. Kò jiyàn. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó di ẹrù rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní òun ń padà sọ́dọ̀ ìyá òun ní Abẹ́òkúta.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, dátà tán ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ọmọ ò sí nílé mọ́.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi ò tilẹ̀ gbẹ́jọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó dá a. Mo lọ wá ọkùnrin kan tó ń tún irú nǹkan báwọ̀nyí ṣe ní àdúgbò wa. Ó wá lálẹ́. Ó ní kí a pa gbogbo fóònù, kí a pa tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà. A pa wọ́n. Síbẹ̀, iná ráútà ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ó fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wọ inú ojú ewé ráútà náà, ó tẹ "admin" síbi orúkọ, ó tún tẹ "admin" síbi páásìwọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn ṣí. Páásìwọ́ọ̀dù tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ nìyẹn, n kò yí i padà rí. Lẹ́yìn náà ló wá àtúnṣe sọ́fútíwíà fún ráútà náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe gbẹ̀yìn, ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Ọdún 2018 ni mo sì ra ráútà náà ní Ìkẹjà, nínú ọ̀rá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọjà tuntun. Ọkùnrin náà wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹlòmíràn ló ń lo àpótí yín yìí. Ẹ̀yin kàn ń bá a san owó dátà ni."

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìtàn ráútà. Ohun tí mo kọ́ nìyí.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láàárín òkun. Erékùṣù ni Hawaii, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà; omi ló la àárín àwọn ìlú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii ní kọ̀ǹpútà ńlá ní erékùṣù Oahu, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ka ilé ẹ̀kọ́ náà wà ní erékùṣù mìíràn. Wọ́n rò ó pé dípò wáyà tẹlifóònù, kí ló dé tí àwọn ò fi lo rédíò? Ní ọdún 1971, wọ́n tan ẹ̀rọ wọn, wọ́n sì pè é ní ALOHAnet.

Ìṣòro tí wọ́n bá pàdé, gbogbo wa mọ̀ ọ́n láti ibi ìpàdé ẹbí: bí ènìyàn mẹ́ta bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀nà tí Abramson gbé e gbà rọrùn. Ẹ̀rọ tó bá ní ọ̀rọ̀, kó sọ ọ́. Bí kò bá gbọ́ ìdáhùn pé ọ̀rọ̀ náà dé, kó dúró díẹ̀, kó tún un sọ. Iye àkókò tí kálukú yóò dúró kò gbọdọ̀ dọ́gba, kí wọ́n má baà tún kọlu ara wọn. Robert Metcalfe ka ìwé tí Abramson kọ, ó tún èrò náà ṣe, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ṣe Ethernet ní ọdún 1973, ní ilé ìwádìí Xerox ní California. Inú ìdílé yẹn ni Wi-Fi ti wá. Títí dòní, fóònù yín àti ráútà yín ṣì ń dúró de ara wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń pọ̀ sí i nínú ilé ni kálukú yóò ṣe máa dúró pẹ́ sí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà gàgàrà tí wọ́n kọ sára páálí ráútà dẹ́rù bà yín. Àpapọ̀ gbogbo ìgbì tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀. Fóònù kan ṣoṣo kò ní rí i láéláé.

Ẹ jẹ́ ká fo ọdún méjìlá. Ní ọdún 1985, FCC, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń pín ojú ìgbì rédíò fún àwọn èèyàn, ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ò retí. Àwọn ìgbì kan wà tí àwọn ẹ̀rọ bíi máíkírówéèfù tí a fi ń gbé oúnjẹ gbóná ń lò. Ariwo pọ̀ níbẹ̀, kò sí iléeṣẹ́ tẹlifóònù tó fẹ́ fi ibẹ̀ ṣòwò. FCC ní kí ẹnikẹ́ni máa lò ó láìgba ìwé àṣẹ, bí kò bá ṣáà ti lo agbára ju ìwọ̀n lọ, tó sì gbà láti fara da ìdíwọ́ tó bá bá pàdé. Ìgbì 2.4 GHz wà lára rẹ̀. Ó dà bí pápá àdúgbò tí gbogbo ọmọ lè gbá bọ́ọ̀lù: kò sí ẹni tí yóò gba owó lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bá ọ lé ẹlòmíràn kúrò níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Wi-Fi fi rọ̀ lówó, ìdí náà nìyẹn tó fi ń yọ wá lẹ́nu. Bí ẹ bá ń gbé nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ ní Ṣùrùlérè, tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní ráútà tirẹ̀, orí pápá kan náà ni gbogbo yín wà. Ojú ọ̀nà mẹ́ta péré ni kì í gorí ara wọn nínú ìgbì 2.4 GHz: ìkíní, ìkẹfà àti ìkọkànlá. Bí máíkírówéèfù bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun náà á dá sí i. Ráútà tó bá ní ìgbì 5 GHz pẹ̀lú sàn, torí ojú ọ̀nà pọ̀ níbẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ rí owó nínú pápá ọ̀fẹ́ yìí ni ilé iṣẹ́ NCR, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tí ilé ìtajà fi ń gba owó. Wọ́n fẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù lè gbé ẹ̀rọ náà láti ibì kan sí ibòmíràn láìfọ́ ilẹ̀ ká fún wáyà. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní Netherlands ló ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn, Vic Hayes, rí i pé bí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ń sọ èdè tirẹ̀, ọjà náà ò ní gbilẹ̀. Ó di alága ìgbìmọ̀ tó ń jẹ́ 802.11 ní ọdún 1990, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ní ọdún 1997 ni ìlànà àkọ́kọ́ jáde. Ní ọdún 1999, àwọn ilé iṣẹ́ kan kóra jọ láti máa yẹ ẹ̀rọ ara wọn wò. Wọ́n san owó fún àwọn tó ń ṣe orúkọ fún ọjà, àwọn yẹn ló mú orúkọ náà Wi-Fi wá. Lóṣù keje ọdún yẹn, Steve Jobs gun orí pèpéle ní New York, ó ń wo íntánẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà Apple tuntun, ó sì mú rìǹgì roboto kan kọjá lára kọ̀ǹpútà náà kí wọ́n lè rí i pé kò sí wáyà kankan níbẹ̀. Àpótí tó ń fọ́n ìgbì náà, dọ́là 299 ni wọ́n tà á.

Àwọn ará Australia náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ìgbì rédíò nínú ilé máa ń kọlu ògiri, á padà, á tún kọlu òmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà á wá dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ohùn ẹni tó pariwo nínú ilé òfìfo. John O'Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní CSIRO, àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ìjọba Australia, wá ọ̀nà láti yanjú èyí. Ìmọ̀ ìṣirò tí O'Sullivan ti lò nígbà tó ń fi rédíò wá àmì nǹkan lójú ọ̀run ló ràn án lọ́wọ́. Amẹ́ríkà fún wọn ní ìwé ẹ̀tọ́ ní ọdún 1996. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lo iṣẹ́ wọn láìsan owó, CSIRO gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì gbà ju mílíọ̀nù 400 dọ́là Australia lọ.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìṣirò ò wó ògiri. Àwọn tó ṣe ráútà, ilé onípákó àti ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló pọ̀ ní ìlú wọn. Tiwa, búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì mẹ́sàn-án ni, pẹ̀lú ilẹ̀kùn irin. Ìgbì 2.4 GHz ń la ògiri kọjá ju 5 GHz lọ, 5 GHz sì yára ju 2.4 lọ bí ẹ bá sún mọ́ ọn. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé ráútà yín ò dára, ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ẹ gbé e sí àárín ilé, sókè. Èyí ò gba kọ́bọ̀ kan.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ní ọdún 1999 tí wọ́n ń fi rìǹgì ṣeré ní New York, ìlà tẹlifóònù gbogbo Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan. Ní ọdún 2001 ni GSM dé. Wáyà abẹ́ òkun SAT-3 gúnlẹ̀ sí Èkó, MainOne tẹ̀ lé e ní ọdún 2010. Ẹ̀yin tí ẹ ti sun inú kàfé mọ́jú rí torí owó òru dín kù, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ìgbà tí wáyà abẹ́ òkun pọ̀ tí owó dátà sì rọ̀ díẹ̀ ni ráútà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé mẹ̀kúnnù. Ó wọlé pẹ̀lú ìṣòro méjì tí Vic Hayes ò rò ní Netherlands. Àkọ́kọ́ ni iná. Bí NEPA bá mú iná lọ, ráútà á kú, á tún jí, á tún kú. Ọ̀pọ̀ ráútà ló ń lo iná 12 fóltì, bátìrì UPS kékeré tí wọ́n ń tà fún wọn lè gbé wọn fún wákàtí díẹ̀. Ẹ yẹ nọ́ńbà tó wà lára ṣájà yín wò kí ẹ tó rà á. Ìṣòro kejì ni pé kì í ṣe gbogbo àìsàn íntánẹ́ẹ̀tì ni ráútà ń fà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin ló já nítòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló jẹ nínú ìyà náà. Ráútà tó dára jù láyé ò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń falẹ̀, ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà tààrà. Bó bá ṣì ń falẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìta ló ṣeé ṣe kí àìsàn náà wà.

Ní báyìí, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an. Ní oṣù kejìlá ọdún 2002, ilé iṣẹ́ Linksys gbé ráútà kan jáde tó ń jẹ́ WRT54G. Aláwọ̀ búlúù àti dúdú ni, pẹ̀lú èrìyà méjì lẹ́yìn. Tọkọtaya kan tó wá láti Taiwan, Victor àti Janie Tsao, ló dá Linksys sílẹ̀ ní California ní ọdún 1988. Lọ́dún 2003, Cisco ra ilé iṣẹ́ náà ní nǹkan bí 500 mílíọ̀nù dọ́là. Ọdún yẹn náà ni àwọn kan tú sọ́fútíwíà inú ráútà yìí palẹ̀, wọ́n rí i pé Linux ló wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Linux, ṣùgbọ́n ó ní májẹ̀mú: bí o bá fi í sínú ọjà tí ò ń tà, o gbọ́dọ̀ fún àwọn oníbàárà ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè kà á, kí wọ́n sì lè tún un ṣe. Linksys ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ariwo ta, wọ́n sì gbé àkọsílẹ̀ náà síta.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló yà mí lẹ́nu jù. Àwọn èèyàn tí kò mọ ara wọn rí, láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tún sọ́fútíwíà ráútà náà ṣe. Ní ọdún 2004, iṣẹ́ wọn di OpenWrt. Wọ́n fi agbára tí ilé iṣẹ́ ò fún un kún un. Nígbà tí wọ́n bá rí ihò nínú rẹ̀, wọ́n á dí i. Ní ọdún 2005, ilé iṣẹ́ náà dín ìrántí ráútà yìí kù, wọ́n sì yọ Linux kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún gbé òmíràn jáde lọ́tọ̀, WRT54GL, fún àwọn tó ṣì fẹ́ Linux, ní ọdún 2016 sì rèé, wọ́n ṣì ń tà á. Ẹ̀rọ tí àwọn mìíràn ti yára ju òun lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po! Kí ló gbé e ró? Kì í ṣe èrìyà méjì yẹn. Àwọn èèyàn tí kò fi í sílẹ̀ ló gbé e ró.

Ráútà, kọ̀ǹpútà kékeré ni, ó sì ń fi ojú rẹ̀ kojú gbogbo ayé tọ̀sán tòru. Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ráútà tí ẹnikẹ́ni ò tún ṣe mọ́, ẹnu rẹ̀ ń là sí i lójoojúmọ́ ni. Ọ̀nà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń ti Wi-Fi pa, tí wọ́n ń pè ní WEP, àwọn onímọ̀ já a ní ọdún 2001. WPA dé ní 2003, WPA2 dé ní 2004. Mathy Vanhoef, onímọ̀ ní Belgium, fi ihò inú WPA2 hàn ní ọdún 2017. Ráútà àti fóònù tí olówó wọn ń tún ṣe rí àtúnṣe gbà. Àwọn tí wọ́n ti pa tì ò rí nǹkan kan.

Ní ọdún 2016, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Amẹ́ríkà ṣe sọ́fútíwíà kan tó ń jẹ́ Mirai. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa kan ilẹ̀kùn kámẹ́rà àti ráútà káàkiri ayé, kó máa dán nǹkan bí ọgọ́ta orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù wò, irú "admin" àti "admin" yẹn. Ìyẹn ti tó. Ẹ̀rọ tó wọlé sí kò lóǹkà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dí ilé iṣẹ́ Dyn, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà ò sì lè ṣí Twitter tàbí Netflix. Ní oṣù kọkànlá, nǹkan bí 900,000 oníbàárà Deutsche Telekom ní Jámánì ló pàdánù íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹnì kan gbìyànjú láti kó ráútà wọn lẹ́rú.

Ó sì dé ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní Liberia láti ba iṣẹ́ orogún wọn, Lonestar MTN, jẹ́. Ó kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jọ, ó sì dà wọ́n bo ilé iṣẹ́ náà, débi pé ìkọlù náà dí íntánẹ́ẹ̀tì ní Liberia. Ilé ẹjọ́ kan ní London rán an lẹ́wọ̀n oṣù 32 ní ọdún 2019. Nígbà tó di 2018, àwọn onímọ̀ ní Cisco rí òmíràn, VPNFilter, tó ti wọ ráútà tí kò dín ní 500,000 ní orílẹ̀-èdè 54. FBI ní kí gbogbo ayé pa ráútà wọn, kí wọ́n tún un tàn.

Ẹ rántí ráútà tèmi. Ọdún 2018 yẹn náà ni mo rà á. Àwọn tó ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, èèyàn bíi tèmi ni wọ́n. Kò sí èyí tó mọ̀ pé àpótí òun wà lójú ogun. Owó dátà nìkan ni wọ́n rí, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ní ọmọ ẹ̀gbọ́n nílé, ó mọ ẹni tí yóò bi.

Ìjọba kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òfin. Ní California, láti ọjọ́ kìíní ọdún 2020, ilé iṣẹ́ ò gbọdọ̀ ta ẹ̀rọ tí gbogbo rẹ̀ ní páásìwọ́ọ̀dù kan náà, àyàfi bí ó bá fi dandan lé e pé kí ẹni tó rà á yí i padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024, irú páásìwọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ di èèwọ̀, ilé iṣẹ́ sì gbọdọ̀ sọ iye àkókò tí yóò fi máa tún sọ́fútíwíà ọjà náà ṣe.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ mú lọ sí ọjà. Bí ẹ bá dé Ìkẹjà, tàbí ọjà Dùgbẹ̀, tàbí ibikíbi, ẹni tó ń tà á máa sọ iye èrìyà fún yín. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù yín wá orúkọ àti nọ́ńbà ráútà náà lórí ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe àtúnṣe sọ́fútíwíà rẹ̀ gbẹ̀yìn. Bó bá ti lé lọ́dún méjì, ẹ gbé e sílẹ̀, bó ti wù kí ọ̀rá ara rẹ̀ máa dán tó. Ẹ bèèrè bóyá ó ń gba àtúnṣe fúnra rẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá ó ní WPA3, tàbí ó kéré tán WPA2. Ẹ bèèrè bóyá OpenWrt mọ̀ ọ́n, nítorí bí ilé iṣẹ́ bá fi í sílẹ̀, ẹlòmíràn lè gbà á tọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá bèèrè nípa ìgbì méjì, iye yàrá yín àti iná 12 fóltì. Bí ẹ bá délé, ẹ yí páásìwọ́ọ̀dù méjèèjì padà, ti Wi-Fi àti ti inú ráútà fúnra rẹ̀. Èkejì yẹn ni ọ̀pọ̀ wa ń gbàgbé.

Ráútà tí mo rà lẹ́yìn náà, èrìyà rẹ̀ ò yọ síta rárá. Kò ga, kò dán. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń gba àtúnṣe dòní, dátà wa sì ń dé ìparí oṣù.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé alẹ́ tí ọkùnrin yẹn wá, mo wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbọ́n mi gbé omi fún mi, mo mu ún. Mo ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀, láti orí iná tó ń sáré títí dé ọdún 2014. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ọjọ́ tó dé ló sọ fún mi pé òun ò lò ó. Mo gbà á gbọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kó bú mi lọ. Nígbà tí ọmọ náà wọlé, mo bẹ̀ ẹ́ níwájú ìyá rẹ̀, bí mo ṣe bú u níwájú àwọn ọmọ mi. Ó ní, "Ó ti tán, Àǹkú." Ó gbà kó padà wá sí Èkó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì rí iṣẹ́ kí ọdún tó parí. Ṣùgbọ́n títí tó fi kó lọ sí ilé tirẹ̀, dátà orí fóònù rẹ̀ ló ń rà. N kò rí i kó lo Wi-Fi wa mọ́ rárá.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ dojú ráútà yín délẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wá ọjọ́ orí sọ́fútíwíà rẹ̀. Bí dátà bá ń tán nílé yín, inú àpótí ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá olè náà, kí ẹ tó wò ó lójú ọmọ ọlọ́mọ.